Ọjọ́ wo gan-an ni ìjọba Lituéníà bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Kaunas, lórílẹ̀-èdè Lituéníà. Nínú oṣù Kejì ó pè mí pé àwọn wà nísinmi, àjọ̀dún òmìnira ni. Oṣù Kẹta dé, ó tún ní ìsinmi òmìnira ni. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Keje, ó ní ti ọba kan tí wọ́n dé ládé ní 1253 ni wọ́n ń ṣe, pé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ gbogbo ìlú dìde, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn. Olùkọ́ rẹ̀ kan sì sọ fún un pé láti 2009 ni orílẹ̀-èdè náà ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún. Èwo ni ká gbà nínú gbogbo rẹ̀? Ó tún ní wọ́n ti ní ìjọba tiwọn kí wọ́n tó di Kristẹni. Báwo nìyẹn ṣe rí?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ọkàn ọmọ tó wà lókè òkun. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi nínú gan-an, nítorí nínú gbogbo ìtàn Yúróòpù, èyí ni mo fẹ́ràn jù láti sọ.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí ọmọ yín gbọ́. Ọdún 1009 ni orúkọ Lituéníà kọ́kọ́ hàn nínú ìwé. Ọdún 1253 ni wọ́n dé ọba ládé. Ọjọ́ 16 oṣù Kejì 1918 àti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1990 ni wọ́n kéde pé àwọn gba ìjọba àwọn padà, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ sópin, ẹ̀ẹ̀kan lọ́wọ́ Soviet. Ṣùgbọ́n orúkọ lọ́tọ̀, adé lọ́tọ̀, ìjọba lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ní kí n sọ ìgbà tí ó dá èmi lójú pé ìjọba ti wà ní Lituéníà, tí kì í ṣe agbára ọkùnrin kan ṣoṣo, ọdún 1264 ni n ó mú, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n pa ọba aládé náà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Ní ìlú Quedlinburg ní Jámánì, ilé kan wà tí àwọn obìnrin tó fi ara wọn fún Ọlọ́run ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún sílẹ̀. Lábẹ́ ọdún 1009, ìwé wọn sọ pé àwọn abọ̀rìṣà pa bíṣọ́ọ̀bù Bruno ará Querfurt, òun àti ènìyàn 18 tó tẹ̀lé e, ní ààlà ilẹ̀ Rus àti Litua. Rus ni ìjọba àwọn Slav tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Kyiv nígbà náà. Litua yìí ni Lituéníà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọn ò sì ṣàlàyé kankan lé e. Ohun tí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé àwọn ará òde ti mọ̀ pé ilẹ̀ kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ní ààlà. Ìyẹn ni ẹgbẹ̀rún ọdún tí olùkọ́ ọmọ yín ń sọ. Ó tó ohun tí ènìyàn fi ń ṣe àjọ̀dún, àmọ́ kò sí ìjọba nínú rẹ̀.

Ta wá ni àwọn ènìyàn yìí? Èdè wọn kì í ṣe ti Slav bíi ti Rọ́ṣíà àti Pólándì, kì í sì í ṣe ti Jámánì. Ọ̀kan ni nínú àwọn èdè tí à ń pè ní Baltic, ọmọ ìyá èdè àwọn ará Látífíà, àti ti àwọn Prussian tó ti kú run. (Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ará Jámánì ni Prussian. Àwọn Prussian àkọ́kọ́ jẹ́ ìbátan àwọn ará Lituéníà. Àwọn tó ṣẹ́gun wọn ló wá ń jẹ́ orúkọ wọn.) Igbó kìjikìji àti irà ló kún ilẹ̀ wọn, odò Nemunas àti odò Neris sì là á kọjá. Orí òkè kéékèèké ni àwọn alágbára wọn máa ń kọ́lé sí, wọn a fi ìtì igi ṣe odi yí i ká. Wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n ń sin ẹṣin, wọ́n ń ta ìda oyin àti awọ ẹranko. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀: Nalšia, Deltuva, Upytė, Žemaitija lápá ìwọ̀ oòrùn, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Lietuva gan-an. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ aládé Rus ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Láti 1183 ni ọwọ́ yí padà. Rus ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ láàárín àwọn ọmọ ọba tó ń bá ara wọn jà, àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lánàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilẹ̀ Pskov àti Polotsk, wọ́n ń kó ẹrú, ẹṣin àti fàdákà bọ̀. Ogun di iṣẹ́ ajé. Olórí tó bá ti ojú ogun kó ẹrù púpọ̀ bọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń rọ́ tẹ̀ lé, ẹni tí ọ̀dọ́ bá sì tẹ̀ lé ni yóò tún kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí ni agbára ṣe ń kúrò lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé, tó ń bọ́ sọ́wọ́ ìdílé díẹ̀. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀: owó ẹrú wà nínú ìpìlẹ̀ ìjọba yìí. Àwa tí àwọn baba ńlá wa fojú rí ohun tí ogun ìkóni-lẹ́rú ṣe nílẹ̀ wa, a kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa bí ó ṣe ń gbé ìdílé kan ga tó sì ń sọ òmíràn di ahoro.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Jámánì dé. Ní 1201, bíṣọ́ọ̀bù Albert tẹ ìlú Riga dó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ẹgbẹ́ jagunjagun kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Àwọn Arákùnrin Idà. Bí fadá Àgùdà ni wọ́n ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní gbéyàwó, àmọ́ ẹ̀wù irin ni wọ́n ń wọ̀, orí ẹṣin ni wọ́n sì ti ń jà. Iṣẹ́ tí wọ́n ní a rán àwọn ni láti fi idà mú àwọn abọ̀rìṣà wọnú ìjọ. Ní nǹkan bí 1230, ẹgbẹ́ mìíràn, Teutonic, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ kan náà láàárín àwọn Prussian. Lituéníà wá bọ́ sáàárín, ẹgbẹ́ kan ní àríwá, ìkejì ní ìwọ̀ oòrùn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn ni wọ́n rí ìjọba dá sílẹ̀, tí Prussian àti àwọn baba ńlá àwọn ará Látífíà kò rí i ṣe? Àwọn kan á ní akọni ni wọ́n. Akọni ni Prussian náà: ó tó àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó ṣẹ́gun wọn tán ní 1283. Lójú tèmi, ilẹ̀ àti àsìkò ló ṣe é. Ẹnu ọ̀nà òkun ni àwọn ìbátan wọn wà. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé jagunjagun láti Jámánì wá sílẹ̀ wọn lọ́dọọdún, wọ́n sì ń bá olórí kọ̀ọ̀kan jà lọ́tọ̀ kí ó tó ráyè ké sí ẹnì kejì rẹ̀. Lituéníà wà lẹ́yìn, irà àti igbó dáàbò bò ó. Ìyà tó pa àwọn ará iwájú di ẹ̀kọ́ fún un. Ó rí nǹkan bí ìran kan tí ó fi múra sílẹ̀. Láti ìlà oòrùn, àwọn Mongol wá fọ́ Rus túútúú láàárín 1237 sí 1240. Kyiv ṣubú. Àwọn ìlú Rus tó sún mọ́ Lituéníà, irú bí Novgorodok, kò ní aláàbò mọ́, ẹni tó bá sì lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ewu lè fi wọ́n ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọdún 1219, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ń gbúròó ìjọba. Ìwé ìtàn ilẹ̀ Galicia àti Volhynia, tó wà ní Yukréìn òde òní, sọ pé àwọn ìjòyè Lituéníà ránṣẹ́ àlàáfíà sí opó ọmọ aládé Roman àti sí àwọn ọmọ rẹ̀, Daniel àti Vasilko. Òǹkọ̀wé náà wá ka àwọn tó bá wọn dá májẹ̀mú lórúkọ lórúkọ. Ènìyàn 21 ni wọ́n. Ó pe márùn-ún ní àgbà: Živinbudas, Daujotas àti arákùnrin rẹ̀ Vilikaila, Dausprungas àti arákùnrin rẹ̀ Mindaugas. Lẹ́yìn wọn ló ka àwọn ará Žemaitija, ìdílé Ruškaičiai, ìdílé Bulaičiai, àti àwọn ará Deltuva. Obìnrin kan wà nínú wọn, Plikienė, opó ìjòyè kan.

Ìyá wa, ẹ wo ohun tí àkọsílẹ̀ yẹn jẹ́. Ọba kò tíì sí, nítorí ènìyàn 21 kì í jọ jọba. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi ẹnu kan bá ìjọba mìíràn sọ̀rọ̀, wọ́n mọ àwọn tó jẹ́ àgbà láàárín ara wọn, ìjọba kejì sì gbà wọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn dúró. Àjọ ìjòyè ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Vismantas, ọ̀kan nínú ìdílé Bulaičiai, òǹkọ̀wé náà fi gbólóhùn kan kún un pé Mindaugas pa á, ó gba ìyàwó rẹ̀, ó sì pa àwọn arákùnrin rẹ̀. Ó ti mọ òpin ìtàn náà kó tó kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn kékeré yẹn sọ fún wa bí àjọ ènìyàn 21 ṣe di ilé ẹnì kan láàárín ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1236, àwọn ará Žemaitija ká Àwọn Arákùnrin Idà mọ́ ibi tí wọ́n ń pè ní Saule, wọ́n sì pa Volkwin ọ̀gá wọn. Ẹgbẹ́ náà kò lè dá dúró mọ́. Ní 1237 wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Teutonic. Ìyẹn fún Mindaugas ní ààyè láti kọjú sí ilé.

Bó ṣe kó ilẹ̀ jọ kò dùn ún gbọ́. Ó pa àwọn kan, ó lé àwọn kan, ó fi oore ra àwọn kan. Ní 1248, ó rán àwọn ọmọ arákùnrin rẹ̀, Tautvilas àti Edivydas, pẹ̀lú Vykintas tó jẹ́ alágbára Žemaitija, lọ jagun ní Smolensk, ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni wọn bá gbà di tirẹ̀. Ogun náà kò yọrí sí rere. Kí wọ́n tó délé, ó ti gba ilẹ̀ àti dúkìá wọn, ó sì ń wá ọ̀nà láti pa wọ́n. Wọ́n sá tọ Daniel lọ, èyí tó fẹ́ arábìnrin Tautvilas níyàwó. Daniel kó ogun jọ. Teutonic ti àríwá dara pọ̀ mọ́ ọn. Žemaitija náà kẹ̀yìn sí Mindaugas. Tautvilas lọ sí Riga lọ ṣèrìbọmi kí wọ́n lè gbà á bí olórí Lituéníà. Ẹ̀gbẹ́ gbogbo ló fi di ọ̀tá.

Ohun tí Mindaugas ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ títí di òní. Ó ránṣẹ́ sí Andreas, ọ̀gá ẹgbẹ́ Teutonic ní Livonia (ilẹ̀ Látífíà àti Estonia òde òní), ó kó wúrà, fàdákà àti ẹṣin ránṣẹ́ sí i, ó ní òun náà yóò ṣèrìbọmi. Ó sì ṣe é. Ọ̀tá tó lágbára jù bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ohun tí Tautvilas sì fẹ́ fi gba oyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1251, Póòpù Innocent IV kọ̀wé pé òun gba Lituéníà sábẹ́ ààbò Peteru mímọ́, ó sì pàṣẹ fún bíṣọ́ọ̀bù ìlú Chełmno kí ó dé Mindaugas ládé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1253 ni wọ́n dé e ládé, òun àti Morta ìyàwó rẹ̀. Ìwé ìgbà náà kò kọ ọjọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ìlú. Onímọ̀ ìtàn Edvardas Gudavičius ló ṣírò rẹ̀ tó fi dé ọjọ́ 6 oṣù Keje, ìyẹn ni ìjọba wọn gbà tí wọ́n fi ṣe ìsinmi. Tí ọmọ yín bá rí àwọn tó ń jiyàn lórí ọjọ́ náà, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọdún náà kò ní iyàn nínú.

Kí ni adé yẹn ṣe? Láyé ìgbà náà, ilẹ̀ abọ̀rìṣà ni ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ Kristẹni lè gbà láìdẹ́ṣẹ̀, lójú àwọn ẹgbẹ́ náà. Ilẹ̀ ọba Kristẹni kò rí bẹ́ẹ̀. Adé sọ Lituéníà di ẹni tí òfin Yúróòpù mọ̀: ó lè fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ó lè bá ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tí kò sí lábẹ́ Riga. Owó orí rẹ̀ wọ́n, nítorí Mindaugas fi ìwé yọ̀ǹda ilẹ̀ púpọ̀ fún ẹgbẹ́ Teutonic, pàápàá ní Žemaitija, ilẹ̀ àwọn tí kò bá a dá ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ṣé ó wá di Kristẹni tọkàntọkàn? Òǹkọ̀wé Galicia ní ẹ̀tàn ni, pé ó ń rúbọ sí àwọn òrìṣà rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó dárúkọ wọn. Teliavelis wà nínú wọn, alágbẹ̀dẹ tí wọ́n gbà pé ó rọ oòrùn tó sì sọ ọ́ sókè ọ̀run. Ó ní bí ehoro bá sá kọjá níwájú Mindaugas nínú pápá, kò ní wọ igbó náà, kò sì ní ṣẹ́ ẹ̀ka kan níbẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ló kọ ọ́, kí a má gbàgbé ìyẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ehoro yẹn jọ òtítọ́ lójú mi, nítorí ìgbàgbọ́ irú bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lára ènìyàn lọ́jọ́ kan.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1260, àwọn ará Žemaitija lu Teutonic bolẹ̀ ní Durbe. Nǹkan bí 150 nínú àwọn jagunjagun ẹgbẹ́ náà kú, ọ̀gá wọn sì wà lára wọn. Àwọn Prussian gbọ́, wọ́n dìde. Treniota, ọmọ arábìnrin Mindaugas, rọ̀ ọ́ kí ó já okùn tó so ó mọ́ àwọn ará Jámánì, ó sì gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ogun náà kò yọrí sí ohun tó ń retí. Morta kú. Mindaugas ránṣẹ́ pe arábìnrin Morta wá síbi òkú, ó wá fi í ṣe ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ìyàwó Daumantas, olórí Nalšia, ni obìnrin náà. Ní 1263, Daumantas àti Treniota pa Mindaugas, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì. Ọba mìíràn tó dé adé Lituéníà kò sí mọ́ láti ọjọ́ náà títí di òní.

Tó bá jẹ́ pé agbára ẹnì kan ni ohun tó kọ́, ó yẹ kó tú ká lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló tú ká. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Treniota kò pín ilẹ̀ náà padà fún àwọn ìdílé 1219. Gbogbo rẹ̀ ló jókòó lé, ó sì pa Tautvilas nígbà tí ìyẹn wá kí wọ́n jọ pín in. Ní 1264, nígbà tó ń lọ sí ilé ìwẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin tó jẹ́ olùtọ́jú ẹṣin Mindaugas pa á láti gbẹ̀san olúwa wọn. Daumantas sá lọ sí Pskov, ó ṣèrìbọmi níbẹ̀, wọ́n fi jẹ olórí ìlú ní 1266, Ìjọ Ọ́tódọ́ksì sì kà á sí ẹni mímọ́ di òní. Vaišvilkas, ọmọ Mindaugas tó ti di mọ́ńkì Ọ́tódọ́ksì, fi ilé àdúrà sílẹ̀, ó wá gba oyè bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó fà á lé ọkọ arábìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn Shvarn ọmọ Daniel, ó padà sí ilé àdúrà.

Àwọn olùtọ́jú ẹṣin mẹ́rin yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Wọn kì í ṣe ìbátan ọba. Kò sí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà. Ilé ọba ni wọ́n ń sìn, wọ́n sì gbà pé ilé náà ṣì wà bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ ti kú. Ẹ tún wo ti Vaišvilkas: ohun tí ènìyàn lè gbé fún àna rẹ̀ tó jẹ́ ará ilẹ̀ mìíràn, ó ti di oyè. Ó ti ní ara tirẹ̀, yàtọ̀ sí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé 1264.

Traidenis, tó gorí oyè ní nǹkan bí 1270, kò ṣèrìbọmi rárá, ó sì jọba títí tó fi kú ní 1282 láìsí ẹni tó pa á. Ní tèmi, ìyẹn dáhùn ìdajì ìbéèrè kejì yín. Ìjọba náà lè wà láìsí Póòpù, láìsí adé. Ohun tó so ó pọ̀ ni ilẹ̀ tó jẹ́ ti olórí náà, odi tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn jagunjagun tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ọ̀tá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn.

Ìdajì kejì wà nínú àwọn lẹ́tà Gediminas, ẹni tó jọba láti 1316 sí 1341. Ó kọ̀wé sí Póòpù ní 1322, ó ní ẹni tó wà lórí oyè ṣáájú òun, ọba Mindaugas, ti gba ìgbàgbọ́ pẹ̀lú gbogbo ìjọba rẹ̀, àmọ́ ìwà ìkà àti ọ̀dàlẹ̀ ẹgbẹ́ Teutonic ló lé wọn padà. Kò pe Mindaugas ní bàbá ńlá rẹ̀. Ó pè é ní ẹni tó jókòó síbi tí òun jókòó sí. Ní 1323 ó kọ sí Lübeck àti àwọn ìlú Jámánì mìíràn pé kí oníṣòwò, alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà, aránbàtà àti àgbẹ̀ máa bọ̀ wá gbé ilẹ̀ òun. Àwọn àgbẹ̀ kò ní san owó orí fún ọdún mẹ́wàá. Nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni orúkọ Vilnius ti kọ́kọ́ hàn, ìdí nìyẹn tí ìlú náà fi ṣe 700 ọdún ní 2023. Ìtàn ẹnu wọn sì ní Gediminas sùn síbẹ̀ lẹ́yìn ọdẹ, ó lálàá ìkookò onírin kan tó ń hu lórí òkè, àwòrò Lizdeika wá túmọ̀ rẹ̀ fún un pé kí ó kọ́ ìlú síbẹ̀, òkìkí rẹ̀ yóò kàn dé ibi gbogbo.

Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ Póòpù dé ní 1324, wọ́n bi í nípa ìrìbọmi. Ó ní kí àwọn ará Jámánì àti Pólándì máa sin Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí àṣà tiwọn, kí àwọn Rus sìn ín gẹ́gẹ́ bí tiwọn, àwọn náà yóò sìn ín gẹ́gẹ́ bí àwọn ṣe ń ṣe é, Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wọn ní. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ọgbọ́n ìṣèlú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí Rus tó jẹ́ Kristẹni Ọ́tódọ́ksì ló pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ yan ìjọ kan bínú èkejì.

Ìyókù yá. Ní 1385, Jogaila, ọmọ ọmọ Gediminas, gbà láti fẹ́ Jadwiga tó jẹ́ ọba Pólándì lóbìnrin. Ó ṣèrìbọmi ní 1386, àwọn ènìyàn Lituéníà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèrìbọmi ní 1387, Žemaitija ní 1413. Àwọn ni wọ́n kẹ́yìn ní Yúróòpù láti fi òrìṣà sílẹ̀. Ìjọba wọn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kan ni wọ́n gbé wọ ìjọ. Ní 1569 wọ́n da òun àti Pólándì pọ̀ sí ọ̀kan, ní 1795 àwọn aládùúgbò pín in jẹ tán.

Ibí ni àwọn ìsinmi òmìnira méjì ti wá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì 1918, ènìyàn 20 fọwọ́ sí ìwé kan ní Vilnius. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nínú rẹ̀, atstatyti, kò túmọ̀ sí pé kí a dá nǹkan sílẹ̀. Ohun tó ti dúró rí tó wó ni wọ́n máa ń lò ó fún, pé kí a tún un gbé dìde. Nínú oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n tiẹ̀ pe ọmọ aládé Jámánì kan kí ó wá jọba, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ yóò máa jẹ́ Mindaugas Kejì. Nínú oṣù Kọkànlá wọ́n yí i padà. Nígbà tí wọ́n kúrò lábẹ́ Soviet ní 1990, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún kọ sínú ìwé náà. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá béèrè pé èwo ni ọjọ́ ìbí nínú àwọn ìsinmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó mọ̀ pé àwọn méjì àkọ́kọ́ fúnra wọn tọ́ka sẹ́yìn, sí àwọn ènìyàn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn láti àárọ̀.

Ohun kan kù tó yẹ kó mọ̀, nítorí yóò gbọ́ ọ dandan bó bá ní ọ̀rẹ́ láti Bẹ̀lárúsì. Wọ́n á sọ fún un pé tiwọn ni ìjọba yẹn. Ìdí wà. Nígbà tí Lituéníà tóbi jù, èyí tó pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Bẹ̀lárúsì àti Yukréìn òde òní, èdè Slav tó bí èdè méjèèjì ni akọ̀wé ààfin sì fi ń kọ òfin. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Lituéníà kò jáde títí di 1547, ìwé katikísìmù ti Martynas Mažvydas. Ọmọ ìní ni Bẹ̀lárúsì nínú ogún yẹn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dù ú. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí orúkọ 21 ti 1219, ẹ kà wọ́n: Živinbudas, Vilikaila, Dausprungas. Èdè Baltic ni gbogbo wọn. Ọwọ́ wọn ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún un kí ó lọ sí Kernavė, kò jìnnà sí Vilnius. Òkè olódi márùn-ún ló wà níbẹ̀ létí odò Neris, wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn ní Ìtẹ́ Mindaugas. Ilẹ̀ Traidenis ni wọ́n pe ibẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ Teutonic ya dé ibẹ̀ ní 1279, wọ́n sì jẹ ìyà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń padà. Ìlú náà jóná ní 1390, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́lé sórí àwọn òkè náà mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn awalẹ̀ fi rí ojú ọ̀nà onípákó ìgbà náà nínú ilẹ̀ tútù ìsàlẹ̀ òkè. Lásìkò ìsinmi oṣù Keje, àwọn ènìyàn máa ń wá síbẹ̀ láti rọ irin, mọ ìkòkò, kí wọ́n sì dáná bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé Traidenis. Kí ó wọ bàtà tó le, òkè náà dúró ṣánṣán, kí ó sì ya fọ́tò odò náà látòkè wá fún yín.